Títún Kódù Ìpalẹ̀mọ́ Tò Nínú Driver Flash: Ẹ̀kọ́ fún Àwọn Ọmọ Wa Tó Ń Ṣiṣẹ́ Kọ̀ǹpútà

Ọ̀pọ̀ òbí láàrin wa ló ní ọmọ tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n bí a bá bi wọ́n pé kí gan-an ni ọmọ náà ń ṣe, “ó ń tẹ kọ̀ǹpútà” ni ìdáhùn. Lóṣù yìí, ojú ewé òwò wa fẹ́ mú ẹyọ iṣẹ́ kan, ká tú u palẹ̀, kí òbí lè mọ ohun tó ń gba oorun lójú ọmọ rẹ̀, kí ọmọ tó ń kọ́ iṣẹ́ náà sì rí nǹkan mú lọ. Iṣẹ́ ọ̀hún ni títún kódù ìpalẹ̀mọ́ tò nínú driver tó ń bójú tó flash memory. Driver yìí kì í ṣe dírẹ́bà ọkọ̀ o. Kódù tó wà láàrin Linux àti ẹ̀rọ ni, tó ń gbọ́ èdè àwọn méjèèjì.

Flash ni ohun tí fóònù, kámẹ́rà àti router íntánẹ́ẹ̀tì inú ilé yín fi ń rántí nǹkan nígbà tí iná bá lọ. Fujio Masuoka ló dá a sílẹ̀ nígbà tó ń ṣiṣẹ́ ní Toshiba ní Jàpáánù. Wọ́n gbé irú tí à ń pè ní NOR jáde ní 1984, NAND sì tẹ̀ lé e ní 1987. NAND la ó sọ̀rọ̀ lé lórí, nítorí òun ni ìwà rẹ̀ le. Síléètì ilé ìwé la lè fi wé e, àmọ́ síléètì tí èèyàn ò lè fi ìka nu lẹ́tà kan ṣoṣo kúrò lára rẹ̀. Èèyàn lè kọ page kan lẹ́ẹ̀kan, ṣùgbọ́n odidi block ló gbọ́dọ̀ nù. Nínú irú chip kan tó wọ́pọ̀, page kan jẹ́ byte 2048 pẹ̀lú 64 tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, page 64 ló sì para pọ̀ di block kan.

Ohun tó tún yani lẹ́nu ni pé chip NAND a máa ti ilé iṣẹ́ jáde pẹ̀lú àwọn block tó ti bàjẹ́. Kì í ṣe jìbìtì. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń tà á kí owó rẹ̀ má bàa wọ́n jù. Ilé iṣẹ́ á fi àmì sí èyí tó bàjẹ́, ṣùgbọ́n inú block náà gan-an ni àmì ọ̀hún wà. Ẹni tó bá nu block náà kó tó ka àmì yìí ti nu àmì pọ̀ mọ́ ọn, ó sì lè má sí ọ̀nà kankan mọ́ láti mọ block tó ní àrùn. Lọ́jọ́ kan, fọ́tò ìkómọ ẹnì kan á bọ́ sínú rẹ̀, ó parí nìyẹn.

Ìdí rèé tí ìpalẹ̀mọ́ fi ṣe kókó. Nígbà tí iná bá wọ ẹ̀rọ, driver á kọ́kọ́ gba àyè nínú mẹ́mọ́rì, á tan clock tó ń lu ìlù fún controller, á gba interrupt. Á wá fi àṣẹ 0xFF dá chip padà sípò ìbẹ̀rẹ̀, á sì fi 0x90 bi í pé, “Ìwọ ta ni?” Nọ́ńbà àkọ́kọ́ tí chip bá dá padà ló ń sọ ẹni tó ṣe é: 0xEC ni Samsung, 0x98 ni Toshiba, 0x2C ni Micron. Lẹ́yìn èyí, driver á yan ECC, ìyẹn ìṣirò tó ń tún àṣìṣe inú dátà ṣe, á wá àwọn block tó bàjẹ́, á wá fi chip náà hàn fún Linux pé ó ṣe é lò.

Ìjọ̀ngbọ̀n ibẹ̀ ni pé chip tuntun kì í yé dé. Ẹni tó bá gbé e dé á ti ìlà mẹ́ta mẹ́rin bọ àárín kódù àtijọ́, títí function kan á fi gùn bí ọ̀nà Ìbàdàn sí Èkó. Wàhálà á wá yọjú nígbà tí nǹkan bá kùnà lágbedeméjì. Bí ìgbésẹ̀ kẹfà bá kọ̀, márùn-ún tó ṣáájú ti gba nǹkan sọ́wọ́, wọ́n sì gbọ́dọ̀ dá a padà láti ẹ̀yìn wá síwájú. Ẹni tó wọ bùbá kó tó gbé agbádá lé e, agbádá ni yóò kọ́kọ́ bọ́. Kódù tó ti rí wúruwùru a máa fẹ́ bọ́ bùbá lábẹ́ agbádá.

Àpẹẹrẹ tó dára jù tí mo mọ̀ wà nínú Linux fúnra rẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, driver á pe nand_scan_ident kó lè mọ chip tó wà níwájú rẹ̀, á ṣètò ECC tirẹ̀, á wá pe nand_scan_tail láti parí iṣẹ́. Àlàfo tó wà láàrin àwọn méjèèjì ló fa ọ̀rọ̀. Bí apá àkọ́kọ́ bá gba mẹ́mọ́rì, tí driver sì kùnà nínú àlàfo náà, ta ni yóò dá mẹ́mọ́rì yẹn padà? Ní 2018, wọ́n yí i padà. Driver á pe nand_scan lẹ́ẹ̀kan péré; bí a bá ti mọ chip náà tán, Linux á pe driver padà nípasẹ̀ attach_chip pé, “Ó yá, ṣe tìrẹ.” Bí ohun kan bá bàjẹ́ lẹ́yìn náà, á pe detach_chip. Ohun tí attach_chip bá gbà, detach_chip ló ń dá a padà. Wọn ò sì yí gbogbo rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Driver kọ̀ọ̀kan ni wọ́n yí padà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kó lè rọrùn láti mọ èyí tó bá dá wàhálà sílẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ wa tí irú iṣẹ́ yìí bá bọ́ sí lọ́wọ́, ẹ má fọwọ́ kan kódù títí ẹ ó fi kọ ìlànà rẹ̀ sórí ìwé: kí ló ń gbà, ní ìgbésẹ̀ wo, ta ló ń dá a padà? Lẹ́yìn náà, ẹ yọ ìgbésẹ̀ kan ṣoṣo, ẹ sọ ọ́ di function tirẹ̀, kí ẹ sì kọ èyí tó ń tú u ká sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ kan náà. Ẹ dán an wò kí ẹ tó yọ òmíì. Bí ẹ bá rí àṣìṣe àtijọ́ lójú ọ̀nà, ẹ tún un ṣe lọ́tọ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọ̀gá tó ń yẹ iṣẹ́ yín wò ò ní mọ èyí tó yí ìwà ẹ̀rọ padà. Àwọn ibì kan wà tí kò gba ìyípadà rárá. Clock gbọ́dọ̀ ti tàn kí ẹnikẹ́ni tó kan register, torí nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ, gbogbo kọ̀ǹpútà lè dúró gbagidi. Reset gbọ́dọ̀ ṣáájú ìbéèrè orúkọ. Kíka àmì block tó bàjẹ́ sì gbọ́dọ̀ ṣáájú nínù èyíkéyìí.

Ohun kan wà tó ń tan àwọn ọ̀dọ́ jẹ. Láti 2007 ni Linux ti ní àwọn function tí orúkọ wọn bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú devm_, tí ohun tí wọ́n gbà ń padà fúnra rẹ̀ bí ìpalẹ̀mọ́ bá kùnà tàbí bí ẹ̀rọ bá kúrò. Wọ́n dára, wọ́n ń dín ìlà kù. Ṣùgbọ́n ìgbà tí function remove inú driver bá ti parí ni ìdápadà náà tó wáyé. Ká ní ẹ fi devm_request_irq gba interrupt, tí ẹ sì fọwọ́ ara yín pa clock nínú remove. Fún ìgbà díẹ̀, clock ti kú, interrupt ṣì wà láàyè. Bó bá dún, handler á lọ kan register tí kò ní clock mọ́. Irú àṣìṣe yìí lè má ṣẹlẹ̀ rárá lórí tábìlì yín, kó wá ṣẹlẹ̀ lọ́dọ̀ oníbàárà tó sanwó jù. Èrò tèmi ni pé kí gbogbo rẹ̀ jẹ́ devm_, tàbí kí ẹ fọwọ́ ara yín tú gbogbo rẹ̀. Àdàlù yẹn léwu.

Ilé iṣẹ́ tó ti ta router kò lè máa kó wọn padà láti ojúlé dé ojúlé. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń wá ẹni tó lè tún kódù àtijọ́ tò láìba nǹkan jẹ́, tí wọ́n sì ń sanwó fún un.

Ní ti ìdánwò, ẹ mú kí ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan kùnà lóòótọ́, ọ̀kan tẹ̀ lé èkejì, kí ẹ sì fi kmemleak wo mẹ́mọ́rì tó bá ṣòfò. Ẹni tí kò ní owó bọ́ọ̀dù lè fi nandsim kọ́ṣẹ́. Inú Linux ló wà lọ́fẹ̀ẹ́, mẹ́mọ́rì kọ̀ǹpútà lásán ló fi ń ṣe bí ẹni pé chip NAND ni, a sì lè sọ fún un pé kí block kan bàjẹ́. Kódù tirẹ̀ náà ń lo attach_chip, nítorí náà ẹ kà á. Ẹ tẹ modprobe nandsim gẹ́gẹ́ bíi root, kí ẹ wo inú /proc/mtd. Chip afarawé náà á hàn níbẹ̀. Ẹ tẹ rmmod nandsim, ẹ tún wò ó. Ó gbọ́dọ̀ ti kúrò.