Ó ń kọ ráàpù ni, àbí ó ń pè é?

Ní ìkóríta Ṣàngó, níbi tí òpópónà Èkó sí Abẹ́òkúta ti pàdé èyí tó gba Ọ̀tà lọ sí Ìdí-Ìrókò, ráàpù kì í dákẹ́. Ó ń dún nínú ọkọ̀ dánfó, ó ń dún ní ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń tún fóònù ṣe, ó sì ń dún létí àwọn òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ tó ń lọ síbi iṣẹ́ òru. Bí ẹ bá bi wọ́n pé kí ni ẹni tó wà nínú ẹ̀rọ yẹn ń ṣe, ọ̀pọ̀ yóò ní, “Ó ń kọ ráàpù.” Ọ̀rọ̀-ìṣe yẹn, kọ, ni mo fẹ́ kí a yẹ̀ wò lónìí, nítorí pé Yorùbá kì í fi ọ̀rọ̀-ìṣe kan ṣoṣo bo gbogbo ohun tí ẹnu ń ṣe.

Orin là ń kọ. Ọdẹ kì í kọ ìjálá, ó ń sun ún ni. Onírárà ń sun rárà, ìyàwó tó ń lọ sílé ọkọ ń sun ẹkún. Eégún ń pe ẹ̀sà, èyí tí àwọn mìíràn mọ̀ sí iwì. Oníṣègùn ń pe ọfọ̀. Akéwì ń ké ewì, a sì ń ki ènìyàn ní oríkì. Nínú orin pàápàá, aṣíwájú ló ń lé e, àwọn elégbè ló ń gbè é. Ẹni tó bá ní ìyàwó ń kọ ẹkún, ìlò rẹ̀ kù díẹ̀ káàtó. Ìdí ni pé ààrin ọ̀rọ̀ sísọ àti orin kíkọ ni àwọn ewì alohùn wọ̀nyí wà, àwọn àgbà sì yan ọ̀rọ̀-ìṣe tó bá ohùn kọ̀ọ̀kan mu.

Níbo wá ni ká fi ráàpù sí? Ẹ jẹ́ ká wo ibi tó ti wá. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹjọ ọdún 1973, DJ Kool Herc, ọmọ bíbí Kingston ní Jàmáíkà, lu rẹ́kọ́ọ̀dù níbi àríyá tí Cindy àbúrò rẹ̀ ṣe ní ilé 1520 Sedgwick Avenue, ní Bronx, New York. Ohun tí wọ́n fi mọ Herc ni pé ó máa ń fa ibi tí ìlù nìkan ti ń dún gùn kí àwọn oníjó lè jó pẹ́. Lórí ìlù yẹn ni àwọn tó di gbohùngbohùn mú ti bẹ̀rẹ̀ sí í ju ọ̀rọ̀ sáfẹ́fẹ́. Lẹ́nu àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà, rap ti jẹ́ ọ̀rọ̀ sísọ kí ó tó di orúkọ irú orin kan. Ní 1979, orin “Rapper’s Delight” gbé e dé etí aráyé. Ní 1982, “The Message” ti Grandmaster Flash àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé a lè fi sọ ìyà tó ń jẹ mẹ̀kúnnù.

Ọ̀rọ̀ tí a gbé gun ìlù ni ráàpù láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Ilé ẹ̀sà àti ọfọ̀ ló bá mu. Ìdájọ́ tèmi ni pé kí a máa ní oníráàpù ń pe ráàpù, kí a fi “kọ” sílẹ̀ fún ègbè tó wà láàrin rẹ̀. Ẹni tó bá ní “ó ń ṣe ráàpù” náà kò ṣìnà.

Ọ̀tà kì í ṣe àjèjì sí irú ẹnu yìí. Ìlú Àwórì ni, ìlú Gẹ̀lẹ̀dẹ́ sì ni. Iṣẹ́ ọwọ́ àwọn agbẹ́gilére Ọ̀tà wà nínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé lókè òkun. Ní òru tó ṣáájú ijó Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ni ẹ̀fẹ̀, ọ̀kọrin Gẹ̀lẹ̀dẹ́, ń jáde. Yóò kọ́kọ́ júbà àwọn ìyá, lẹ́yìn náà yóò tú àṣírí ìwà ìbàjẹ́ tó wà nílùú, ẹnikẹ́ni kò sì ní fi ọwọ́ kàn án, nítorí pé ọba kì í pọ̀kọrin. Ní 2001, UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ gẹ́gẹ́ bí àjogúnbá gbogbo ayé. Ẹ kíyè sí i: ìbà ni ọ̀wọ̀ tí a ń jú, ibà ni àìsàn tí ẹ̀fọn ń gbé wá. Ẹni tó bá kọ “ibà” síwájú iṣẹ́ rẹ̀, àìsàn ló fi ṣíde.

Ìyangàn pọ̀ nínú ráàpù, ọ̀rọ̀ wa fún un kò sì jọ ara wọn. Ẹni tó ń fọ́nnu ń yin ara rẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹni tó ń yangàn ní ohun gidi tó fi ń ṣe é. Ẹni tó ń lérí ń sọ ohun tí òun yóò ṣe. Ẹni tó ń halẹ̀ fẹ́ dẹ́rù ba ẹlòmíràn. Bí oníráàpù méjì bá sì kọjú ìjà síra wọn, òkò ọ̀rọ̀ ni wọ́n ń sọ lu ara wọn.

Lord of Ajasa wà lára àwọn tó kọ́kọ́ fi Yorùbá pe ráàpù tó délé dóko. DaGrin tẹ̀lé e. Ní 2009 ó gbé àwo C.E.O. jáde, ìyẹn “Chief Executive Omota”. Ọmọ ìta ló wà nínú orúkọ yẹn: fáwẹ́lì méjì pàdé, ọ̀kan pa èkejì jẹ, bí ọmọ ìyá ṣe di ọmọ̀yá. Lẹ́nu ará Èkó, jàǹdùkú ni ọmọ ìta. DaGrin sọ ọ́ di oyè. Kò pẹ́ tó fi kú, ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹrin 2010, ṣùgbọ́n Olamide àti àwọn mìíràn bá iṣẹ́ náà lọ. Ní ìparí 2021, Portable, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ mọ́ Ṣàngó-Ọ̀tà, bá Olamide ṣe “Zazoo Zehh”, orin ìgboro tí ọ̀rọ̀ ẹnu ṣe gbòógì nínú rẹ̀. Ohun tó ń fa ọ̀dọ́ àdúgbò iléeṣẹ́ sí i kò ṣòro mọ̀: kò béèrè ohun èlò olówó iyebíye, ẹnu àti ìlù ti tó. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.

Mo wá ń bẹ̀bẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń pe ráàpù, ẹ má ṣe jẹ́ kí ìlù gba àmì ohùn mọ́ yín lẹ́nu. Ọ̀tà ni ìlú, ọ̀tá ni ẹni tó kórìíra yín, ọta ni ohun tó ń jáde lẹ́nu ìbọn. “Ọmọ Ọ̀tà” jẹ́ oríyìn. Bí ohùn kan ṣoṣo bá yẹ̀, ó ti di “ọmọ ọ̀tá”. Ẹ lọ bá àwọn tó ń sun ìjálá àti àwọn tó ń pe ẹ̀sà, ẹ jókòó tì wọ́n, ẹ kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbé ọ̀rọ̀ gun ìlù láìba ohùn rẹ̀ jẹ́.