Ilé La Ti Ń Kó Ẹ̀ṣọ́ Ròde

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ohun tí a bá kó bọ̀ láti ọjọ́ Ajé títí dé Àbámẹ́ta náà la fi ń jọ́sìn ní Sọ́ńdè. Kò sí àlùfáà tó lè bá wa wá òmíràn láàárín wákàtí méjì.

Ẹ jẹ́ ká dé ọjà gàárì. Kóńgò kan wà tí wọ́n ti fi òòlù lu ìdí rẹ̀ wọnú. Bí ẹ bá wò ó lókè, ó kún, ó tún gogo. Abẹ́ ló ti sọnù. Ìyá ọlọ́jà á fọwọ́ gbá gàárì jọ sórí rẹ̀, á dà á sínú ọ̀rá, á wá bu ẹ̀kúnwọ́ kan lé e: "Ènì yín rèé o, oníbàárà mi." Oníbàárà á dúpẹ́, kò sì mọ̀ pé ènì yẹn ò tó ohun tí ìdí kóńgò ti gbé mì. Tó bá di Sọ́ńdè, ìyá kan náà á jó lọ síwájú pẹpẹ pẹ̀lú àpòòwé ọpẹ́. N kò bá ijó rẹ̀ wí o, ijó ọpẹ́ dára. Àmọ́ ènì lásán ni ọrẹ yẹn, Ọlọ́run sì mọ ìdí kóńgò.

Kì í ṣe ọlọ́jà nìkan. Mẹkáníìkì tó gba owó ẹ̀yà tuntun tó fi tòkunbọ̀ sí i ńkọ́? Ọ̀gá tó ń san ìdámẹ́wàá déédéé, tí owó oṣù òṣìṣẹ́ rẹ̀ wà nílẹ̀ ńkọ́?

Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́. Láyé wòlíì Ámósì, àwọn oníṣòwò Ísírẹ́lì kì í tajà lọ́jọ́ ìsinmi, ṣùgbọ́n ara wọn ò balẹ̀ kó tó tán, kí wọ́n lè padà sídìí òṣùwọ̀n tí wọ́n ti dín kù (Ámósì 8:5). Ẹ ò rí i pé wọn ò pa ìsìn jẹ! Bẹ́ẹ̀, orí kan ṣoṣo, Léfítíkù 19, ló ní ká pa ọjọ́ ìsinmi mọ́, ká má jẹ́ kí owó alágbàṣe sùn lọ́wọ́ wa, kí òṣùwọ̀n wa sì péye.

Ẹnìkan á ní òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Òótọ́ ni, ọjà le. Ẹni tí kóńgò rẹ̀ péye á pe owó tó ga ju ti àwọn tí wọ́n jọ ń tà lọ, àwọn oníbàárà kan á sì sá. N kò ní tàn yín pé àdúrà nìkan á dá wọn padà. Síbẹ̀, ká fowó lé ọjà ní gbangba sàn ju ká jí i nísàlẹ̀ lọ.

Nítorí náà, Àbámẹ́ta ni kí ìmúra Sọ́ńdè ti bẹ̀rẹ̀. Kí ẹ tó lọ aṣọ, ẹ san owó ọmọ iṣẹ́. Ẹni tí ẹ jẹ ní gbèsè tí ẹ ń yà fún ládùúgbò, ẹ pè é lórí fóònù, bó tilẹ̀ jẹ́ ọjọ́ lẹ fẹ́ dá fún un. Mátíù 5 kúkú ti ní kí ẹni tí arákùnrin rẹ̀ bínú sí fi ọrẹ sílẹ̀ níwájú pẹpẹ, kó lọ parí ìjà ná.

Ẹ̀yin ìyá ìjọ tó ń tajà, ẹ dákun, ẹ yí kóńgò yín dojúdé lónìí kí ẹ wo ìdí rẹ̀. Bó bá ti wọnú, ẹ ra òmíràn kí ọjọ́ Ajé tó mọ́.