Ìmọ̀ràn fún Ọmọ Tó Fẹ́ Di Olùkọ́ Ìṣirò tàbí Sáyẹ́ǹsì

Ọmọ mi, mo gbọ́ pé iṣẹ́ olùkọ́ lo fẹ́ ṣe, ìṣirò lo sì fẹ́ máa kọ́ àwọn ọmọ. Mo tún gbọ́ pé àwọn ará ilé ń bi ọ́ pé kí ló dé tí orí pípé bíi tìrẹ kò fi lọ ṣe dókítà tàbí ẹnjiníà. Èmi tí mo fi ẹfun ìkọ̀wé jẹun títí mo fi fẹ̀yìn tì, mo ti rí ohun tó ń fa ènìyàn wọ iṣẹ́ yìí, mo sì ti rí ohun tó ń mú wọn dúró sínú rẹ̀. Méjèèjì kì í sábà jẹ́ nǹkan kan náà.

1. Má jẹ́ kí ọ̀nà tí o gbà wọlé tì ọ́ lójú. Ìwọ̀nba díẹ̀ nínú wa ló ti kékeré sọ pé olùkọ́ lòun máa dà. Àwọn kan kọ iṣẹ́ ìṣègùn sínú fọ́ọ̀mù JAMB, máàkì wọn kò tó, ilé ẹ̀kọ́ wá fún wọn ní ẹ̀kọ́ ìkọ́ni. Àwọn mìíràn kò mọ̀ pé àwọn lè kọ́ni àfi ìgbà tí ìjọba rán wọn lọ sin ilẹ̀ baba wọn. Láti 1973 tí ètò àgùnbánirọ̀ ti bẹ̀rẹ̀, ilé ẹ̀kọ́ ni wọ́n ń rán púpọ̀ nínú wọn lọ. Ẹni tó kàwé ẹnjiníà á bá ara rẹ̀ ní abúlé tí kò sí olùkọ́ físíìsì kankan. Tipátipá ló fi bẹ̀rẹ̀, àmọ́ kí ọdún tó yípo, ó ti ń wá bí òun á ṣe dúró. Mo mọ irú wọn tó di olùkọ́ tó dáńtọ́ ju àwa tí a mọ̀ọ́mọ̀ wọlé lọ.

2. Bí wọ́n bá ní ẹni tí kò rí iṣẹ́ mìíràn ṣe ló ń kọ́ni, dárúkọ Grace Alele-Williams fún wọn. Ìlú Warri ni wọ́n bí i sí ní 1932. Láti 1954 ló ti ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní ìṣirò ní Queen's School, Ẹdẹ. Ní 1963 ó gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Chicago, obìnrin àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà tó gba irú oyè bẹ́ẹ̀. Pẹ̀lú gbogbo rẹ̀, kò fi ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀: ó kópa nínú àwọn ìpàdé tí wọ́n ti ń kọ ìwé ìṣirò fún àwọn ọmọ Áfíríkà. Ní 1985 ó di ọ̀gá àgbà Yunifásítì Benin, kò sì sí obìnrin tó ṣe irú rẹ̀ rí ní Nàìjíríà. Dárúkọ ìyá yìí fún àwọn ọmọbìnrin tó ń sá sẹ́yìn kíláàsì pẹ̀lú, nítorí wọ́n ti sọ fún wọn pé ìṣirò kì í ṣe ti obìnrin.

3. Ìdáhùn tí kò tọ̀nà ni kí o fi dán ara rẹ wò. Ibí yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ mi wà. Ní kí ọmọ kan ro ìdajì pọ̀ mọ́ ìdámẹ́ta, 1/2 + 1/3. Ọ̀pọ̀ ọmọ á kọ 2/5. Olùkọ́ kan á fa ìlà pupa sí i, á kọ 5/6 síbẹ̀, á sì kọjá. Kò parọ́. Ṣùgbọ́n olùkọ́ tí iṣẹ́ yìí wà lára rẹ̀ á dúró, á béèrè pé, "Báwo lo ṣe ṣe é?" Ọmọ á ní òun ro ti òkè pọ̀, òun sì ro ti ìsàlẹ̀ pọ̀. Ọmọ yìí kì í ṣe òmùgọ̀ o. Òfin tó ti ń bá a ṣiṣẹ́ láti ìgbà tó ti ń ka ení, èjì ló gbé lọ síbi tí kò ti ṣiṣẹ́ mọ́.

Má tíì sọ fún un pé ó ṣì í. Gé búrẹ́dì sí méjì ọgbọọgba, gbé ìdajì fún un. Bi í pé: bí mo bá tún fi díẹ̀ kún èyí, ṣé á pọ̀ sí i ni àbí á dín kù? Á ní á pọ̀ sí i. Wá bi í pé: nínú 2/5 àti ìdajì, èwo ló tóbi jù? Á gé búrẹ́dì kejì sí márùn-ún, á kó méjì jọ, á rí i pé kò tó ìdajì. Òun fúnra rẹ̀ ni á pariwo pé, "Ẹ̀n-ẹ́n! Mo fi kún un, ó tún dín kù! Kò lè rí bẹ́ẹ̀."

Ohun tó ń di ènìyàn mú sídìí iṣẹ́ yìí nìyẹn. Ọmọ náà kò gba ọ̀rọ̀ olùkọ́ gbọ́, kò gba ti ìwé gbọ́. Ó wò ó, ó rí i. Nínú ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì, ọmọ ọdún mẹ́wàá lè yẹ ọ̀rọ̀ àgbà wò, kó bá a pé kò rí bẹ́ẹ̀, kí àgbà sì gbà fún un láìsí ìwọ̀sí. Mo fẹ́ràn èyí ju ohun gbogbo tó wà nínú iṣẹ́ wa lọ. Bí ó bá ń wù ọ́ láti mọ ọ̀nà tí ọmọ gbà dé ibi tó ṣì sí, máa bọ̀. Bó bá jẹ́ bí ìwọ ṣe ń tètè rí ìdáhùn nìkan ló ń dùn mọ́ ọ, iṣẹ́ ẹnjiníà dára, kò sí àbùkù níbẹ̀.

4. Má dúró de lábù. Ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n máa rán ọ lọ lè má ní ju pátákó lọ. Ra ìṣápá pupa tí wọ́n fi ń ṣe sóbò, rẹ ẹ́ sínú omi gbígbóná. Fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí apá kan, á pọ́n sí i. Da omi eérú, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe ọṣẹ dúdú, sí apá kejì, á yí padà sí àwọ̀ ewé. (Omi eérú máa ń jẹ ara, ìwọ ni kí o dà á.) Ásíìdì àti álíkálì ti dúró síwájú ọmọ láìná owó púpọ̀. Béèrè lọ́wọ́ wọn ìdí tí omi inú àmù fi ń tutù ju ti inú ike lọ. Béèrè ìdí tí epo pupa fi ń dì lásìkò ọyẹ́. Síbẹ̀, má torí èyí dákẹ́ lórí ọ̀rọ̀ lábù: ẹ̀tọ́ àwọn ọmọ ni, máa béèrè rẹ̀ ní gbogbo ìpàdé òbí àti olùkọ́.

5. Fi èdè tí wọ́n fi ń ronú kọ́ wọn. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní Ilé Ẹ̀kọ́ St. Stephen's, Modákẹ́kẹ́. Fún ọdún mẹ́fà gbáko, Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì àti ìyókù. Gẹ̀ẹ́sì ní olùkọ́ tirẹ̀ lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ wọ̀nyí ṣe dáadáa ju àwọn tí wọ́n yí sí Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ọdún kẹta lọ, Gẹ̀ẹ́sì wọn kò sì rẹ̀yìn.

Lẹ́yìn náà, Helen Verran láti Ọsirélíà wá ń kọ́ àwọn olùkọ́ ní Ifẹ̀. Nínú ìwé tó gbé jáde ní 2001, ó sọ bí ọ̀kan nínú wọn ṣe kọ́ àwọn ọmọ láti wọn gíga ara wọn: ó fún wọn ní páálí tó gùn ní sẹ̀ntímítà 10, wọ́n ń wé okùn tó gùn tó ọmọ mọ́ ọn, wọ́n ń ka iye ìgbà tó ti etí kan dé èkejì, wọ́n sì ń sọ ọ́ di ìlọ́po 10. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni Verran kọ́ olùkọ́ náà. Ó kọ́kọ́ rú Verran lójú, ó sì wá rí i pé ó yé àwọn ọmọ yékéyéké. Irú ìhùmọ̀ bẹ́ẹ̀ ń dùn mọ́ ẹni tó bá ṣe é ju owó oṣù lọ.

6. Ní ti owó, mi ò ní tàn ọ́: kì í tó. Tètè gba ìwé àṣẹ olùkọ́ rẹ lọ́wọ́ TRCN. Òfin tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní 2022 sún ìfẹ̀yìntì olùkọ́ láti ọmọ 60 ọdún sí 65. Béèrè bóyá ìpínlẹ̀ rẹ ti gbà á. O lè fi lẹ́sìn kún owó tó ń wọlé, nítorí ọmọ tí kò ní kírẹ́díìtì ìṣirò nínú WAEC kì í fi bẹ́ẹ̀ rí yunifásítì wọ̀ láti kọ́ sáyẹ́ǹsì. Ṣùgbọ́n má fi ohun tó yẹ kí o kọ́ wọn ní kíláàsì pamọ́ de lẹ́sìn. Ìwà ìkà ni.

7. Kí o tó kọ fọ́ọ̀mù, kó ọmọ mẹ́ta jọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ yín lọ́jọ́ Sátidé. Kí ọ̀kan nínú wọn jẹ́ èyí tó kórìíra ìṣirò. Nǹkan kan ṣoṣo ni kí o kọ́ wọn: ìdí tó fi jẹ́ pé bí a bá yọ −5 kúrò nínú 3, ó ń di 8. Má sọ fún wọn pé bẹ́ẹ̀ ni òfin wí. Bí ilẹ̀ bá ṣú tí o ṣì ń wá ọ̀nà mìíràn tí á fi yé ẹni kẹta yẹn, mú fọ́ọ̀mù náà wá bá mi, a jọ máa kọ ọ́.