Ẹ̀kọ́ Kejìlá: Láti Delhi sí Tokyo

Ìlú Delhi wà ní ilẹ̀ Íńdíà. Tokyo ni olú ìlú Japan. Bí bàálù bá fò tààrà láti ìlú kan dé èkejì, ọ̀nà náà tó nǹkan bíi kìlómítà 5,800. Wákàtí mélòó ni yóò gbà?

Ẹ jẹ́ kí a ka tíkẹ́ẹ̀tì méjì. Báyìí ni tíkẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀ lè rí:

ÀLỌ. Kúrò ní Delhi: aago 8 alẹ́. Dé Tokyo: aago 7 òwúrọ̀ ọjọ́ kejì.

ÀBỌ̀. Kúrò ní Tokyo: aago 11 òwúrọ̀. Dé Delhi: aago 5 ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan náà.

Ẹni tó bá fi ìka kà á yóò ní, “Àlọ gba wákàtí 11, àbọ̀ gba 6. Àbọ̀ ló yá jù.” Kò rí bẹ́ẹ̀ o!

Aago ìlú méjèèjì kò dọ́gba. Ìhà ìlà oòrùn Delhi ni Tokyo wà, nítorí náà oòrùn a máa kọ́kọ́ yọ sí Tokyo. Aago Tokyo fi wákàtí 3½ ṣáájú ti Delhi. Bẹ́ẹ̀ sì ni, nínú tíkẹ́ẹ̀tì, aago ìlú tí bàálù ti gbéra ni wọ́n fi ń kọ àkókò ìgbéra. Aago ìlú tó ń lọ ni wọ́n fi ń kọ àkókò tí yóò dé.

Ó yá, ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Ní àlọ, a ó yọ 3½ kúrò nínú 11: ó ku wákàtí 7½. Ní àbọ̀, a ó fi 3½ kún 6: ó di wákàtí 9½. Àṣé àbọ̀ ló pẹ́ jù!

Ọ̀nà kan náà ni, kí ló wá fà á? Ẹ̀fúùfù ni. Lókè réré tí bàálù ń gbà, ẹ̀fúùfù líle kan ń fẹ́ láti ìwọ̀ oòrùn lọ sí ìlà oòrùn. Ọ̀gbẹ́ni Wasaburo Oishi, ará Japan, fi bàlúùnù wọn agbára rẹ̀, ó sì tẹ ìròyìn rẹ̀ jáde ní 1926. Bàálù tó ń lọ sí Tokyo dà bí ọkọ̀ tí odò ń gbé lọ. Èyí tó ń bọ̀ dà bí ọkọ̀ tí à ń tù lòdì sí ìṣàn omi. Ìgbà òtútù ni ẹ̀fúùfù náà máa ń le jù, nítorí náà wákàtí wọ̀nyí lè lé díẹ̀ tàbí kí wọ́n dín.

Ẹ má ṣe fi ọ̀rọ̀ yìí ṣeré. Ká ní ẹnì kan ti Delhi dé Tokyo ní aago 7 òwúrọ̀, tó sì fẹ́ wọ bàálù mìíràn lọ sí Osaka ní aago 9. Kò yí aago ọwọ́ rẹ̀ padà. Aago 3½ òru ló ṣì ń wí. Ó ní, “Wákàtí 5½ ṣì wà, ẹ jẹ́ kí n sùn díẹ̀.” Kí ó tó jí, bàálù ti lọ, owó tíkẹ́ẹ̀tì sì lè wọgbó. Ó mọ̀wé kà, ṣùgbọ́n kò mọ aago ta ni òun ń kà.

ÌBÉÈRÈ
1. Èwo ló pẹ́ jù, àlọ tàbí àbọ̀? Kí ló fà á?
2. Bàálù kan gbéra ní Delhi ní aago 10 alẹ́, ó sì fò fún wákàtí 7½. Aago mélòó ni yóò lù ní Tokyo nígbà tó bá dé?