‘Líle’ Sípírìngì Fáàfù: Ìṣòro Ìperí Kan

Nínú àpilẹ̀kọ yìí, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni a fẹ́ yẹ̀ wò, ìyẹn ‘le’, bí a ti ń lò ó fún sípírìngì tí ń dá fáàfù ẹ́ńjìnnì padà sí ìjókòó rẹ̀. Bí ènìyàn bá ra kámúṣáàfù tí ń gbé fáàfù ga ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, ìmọ̀ràn tí ó tètè ń bọ́ sẹ́nu, ìbáà ṣe ní Festac tàbí ní ọjà ASPAMDA ní Trade Fair lójú ọ̀nà Badagry, ni pé kí ó wá ‘sípírìngì tó le’. Ìmọ̀ràn náà kò burú, ṣùgbọ́n ohun mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ó dì sínú ẹrù kan.

Èkíní ni agbára tí sípírìngì fi tẹ fáàfù nígbà tí fáàfù pa dé. A dábàá *agbára-ìjókòó* fún un. Èkejì ni iye tí agbára náà fi ń pọ̀ sí i bí a bá ti tẹ sípírìngì wọlé ní mílímítà kan: *àlékún-agbára*. Bí agbára-ìjókòó bá jẹ́ níútìnnì 250, tí àlékún-agbára sì jẹ́ níútìnnì 30 fún mílímítà kan, kámúṣáàfù tí ń gbé fáàfù ní mílímítà 10 yóò bá níútìnnì 550 pàdé. Èyí tí ń gbé e ní mílímítà 12 yóò bá 610 pàdé. Sípírìngì kan náà ni o, a kò pààrọ̀ rẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni *àyè-ìṣẹ́kù*. Sípírìngì olórùka 6, tí irin rẹ̀ nípọn ní mílímítà 4, kò lè kúrú ju mílímítà 24 lọ. Bí gíga rẹ̀ bá jẹ́ 38 nígbà tí fáàfù pa dé, gbígbé 10 yóò ṣẹ́ 4 kù, gbígbé 13.5 yóò ṣẹ́ ìdajì mílímítà péré kù, èyí tí ó kéré jù. Irin tó nípọn sí i, tí a lè tìtorí ‘líle’ rà, a tilẹ̀ máa jẹ àyè yìí ni.

Bí agbára bá pọ̀ jù, ẹyin kámúṣáàfù yóò tètè jẹ. Bí ó bá kéré jù, fáàfù kò ní lè bá ẹyin náà rìn nígbà tí eré bá pọ̀, ó sì lè kọlu písítìnnì. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì pe èyí ní ìléfòó. Kí olùtúmọ̀ má ṣe tẹ̀ lé wọn, nítorí orí omi ni nǹkan ti ń léfòó lọ́dọ̀ tiwa. *Àìlètẹ̀lé* ni a yàn.

Sípírìngì tòkunbọ̀ kì í sábàá ní ìwé tí ń sọ iye wọ̀nyí, ooru àti ìlò sì ti lè dín agbára rẹ̀ kù. Ẹni tó rà á yóò wọn agbára rẹ̀ ní gíga méjì: ti ìgbà tí fáàfù pa dé, àti ti ìgbà tí ó ṣí tán.