Ìkọ̀sílẹ̀ Kò Tú Okùn Ọmọ

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tí ó pèsè fún ọmọ nínú ikùn ìyá rẹ̀ kí ó tó pèsè fún un lóde ayé. Ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun kí ó máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàábé rẹ̀ lápapọ̀.

Ẹ̀yin ìjọ Mùsùlùmí ìlú Òfìkì, a rọ ara wa àti ẹ̀yin náà pé kí a páyà Ọlọ́hun.

Ní ọjọ́ kan lẹ́yìn ìrun Àsárì, obìnrin kan tí ń ta èlùbọ́ mú ọmọkùnrin rẹ̀ wá bá wa. Wọ́n ti lé ọmọ náà wálé láti ilé ìwé nítorí owó. Bàbá rẹ̀ wà nínú ìlú yìí, ó ń dáko. Nígbà tí a ránṣẹ́ pè é, ó ní: "Aáfà, èmi àti ìyá rẹ̀ ti parí ọ̀rọ̀. Ó ní kí n fi ọmọ sílẹ̀ fún òun, èmi náà ní kí ó má béèrè owó. Bí ọmọ bá dàgbà, yóò wá bàbá rẹ̀ wá." Ojú tì wá, nítorí àwa ni a jókòó sí ìkọ̀sílẹ̀ wọn. A béèrè ọ̀rọ̀ sàdáákì, a ka ọjọ́ opó ìkọ̀sílẹ̀. A kò béèrè ohun tí ọmọ yóò jẹ. Kí ìwáàsí òní kọ́kọ́ bá àwa fúnra wa wí.

Ìkíní: ẹ̀tọ́ ọmọ ni ìtọ́jú jẹ́. Nínú Sùúrà Baqarah, ààyá 233, Ọlọ́hun gbé oúnjẹ àti aṣọ ìyá tí ń fún ọmọ lọ́mú lé bàbá lọ́rùn, Ó sì kọ̀ kí a fi ọmọ ni ìyá tàbí bàbá lára. Nínú Sùúrà Talaq, tí orúkọ rẹ̀ gan-an jẹ́ ìkọ̀sílẹ̀, Ó tún sọ ọ́ ní ààyá 6 àti 7 pé kí bàbá san owó ọmú, kí olúkúlùkù sì náwó bí agbára rẹ̀ bá ti mọ. Nítorí náà, bàbá àti ìyá kò lè fi ohun tí kì í ṣe tiwọn ṣe pàṣípààrọ̀. Lóòótọ́, àwọn onímímọ̀ Maliki, tí a ń tẹ̀lé ọ̀nà wọn, gbà kí obìnrin fi bíbọ́ ọmọ ra òmìnira rẹ̀ nínú khul'u. Ṣùgbọ́n wọ́n ní bí ọwọ́ rẹ̀ kò bá ká a mọ́, ọrùn bàbá ni ẹrù náà ń padà sí. Ọmọ kò gbọdọ̀ fi ebi san gbèsè àdéhùn àwọn àgbà.

Ìkejì: ní ọ̀nà Maliki, ọ̀dọ̀ ìyá ni ọmọkùnrin yóò wà títí yóò fi bàlágà, tí ọmọbìnrin yóò sì wà títí yóò fi wọ ilé ọkọ. Bí ìyá bá fẹ́ ọkọ mìíràn, ìyá rẹ̀ ni ó kàn láti gba ọmọ. Ní gbogbo àkókò yìí, bàbá ni yóò máa náwó. Ìyá náà kò gbọdọ̀ fi ọmọ pamọ́ fún bàbá nítorí ìbínú.

Ìkẹta: ẹnu lásán kò lè gé bàbá kúrò lára ọmọ. Ẹni tí ó bá sọ pé òun kọ́ ni ó ni oyún, ìbúra tí ó wà nínú Sùúrà Nur, ààyá 6 sí 9, ni ọ̀nà rẹ̀, níwájú adájọ́, láìfi falẹ̀. Ẹni tí ó ti gba ọmọ, tí ó sọ ọ́ lórúkọ, kò lè torí ìjà kọ̀ ọ́ mọ́. Ẹni tí ó bá gba ọmọ ọlọ́mọ tọ́, ẹ̀san ńlá ni tirẹ̀, ṣùgbọ́n Sùúrà Ahzab, ààyá 5, ní kí á máa fi orúkọ bàbá wọn pè wọ́n. Ìdí nìyí tí Zayd, tí Ànábì fúnra rẹ̀ tọ́, fi padà di Zayd ọmọ Harithah. Òfin ìjọba pàápàá kò fi èyí sí ẹnu bàbá: ilé ẹjọ́ nìkan ni ó lè gbé ọmọ fún ẹlòmíràn láti fi ṣe ọmọ. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003 sì ní ọmọ lẹ́tọ̀ọ́ sí ìtọ́jú bí agbára òbí rẹ̀ bá ti mọ, ó sì lè bèèrè rẹ̀ nílé ẹjọ́. Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ náà ti ṣe òfin tirẹ̀ lórí ẹ̀tọ́ ọmọdé.

Ìkẹrin: mélòó ni kí bàbá san? Hind, ìyàwó Abu Sufyan, fi ẹjọ́ ọkọ rẹ̀ sun Ànábì pé ahun ni. Ànábì yọ̀ǹda fún un láti mú nínú owó ọkọ rẹ̀ ohun tí yóò tó òun àti ọmọ rẹ̀, láìṣe àṣejù. Ohun tí ó tó ni òṣùwọ̀n. Ẹni tí kò ní owó lọ́wọ́, kí ó gbé iṣu, àgbàdo tàbí gààrí wá. Ọlọ́hun kò béèrè ohun tí kò fún un, ṣùgbọ́n yóò béèrè ohun tí ó fún un.

Láti òní lọ, a kò ní parí ìkọ̀sílẹ̀ kankan ní mọ́sálásí yìí láìkọ ọ́ sílẹ̀: ohun tí bàbá yóò máa mú wá lóṣooṣù, ẹni tí yóò san owó ilé ìwé àti ti ilé ìwòsàn, ọjọ́ tí bàbá yóò máa rí ọmọ. Ẹlẹ́rìí méjì yóò fọwọ́ sí i.

Bàbá ọmọ yẹn gbọ́ràn. Ó san owó ilé ìwé, ó sì kó iṣu wá nígbà ìkórè. Lóòótọ́ ni pé ọmọ yóò wá bàbá rẹ̀ wá, ẹ̀yin ará. Bí kò bá wá a láyé, yóò wá a níwájú Ọlọ́hun, yóò sì béèrè ẹ̀tọ́ rẹ̀.

Kí Ọlọ́hun fún wa ní ọwọ́ tí yóò tó ọmọ wa tọ́, kí Ó má jẹ́ kí a jẹ gbèsè wọn dé ọ̀run. Áàmín.