Ọgbẹ́ Ajagunfẹ̀yìntì

Ẹ̀yin olùkọ́ wa àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ọ̀ràn kan bá mi ní ilé-ìwé tí a rán mi lọ láti kọ́ṣẹ́ ìkọ́ni, mo sì rò pé ó yẹ kí n gbé e wá síwájú yín, nítorí kò sí ẹni nínú wa tí irú rẹ̀ kò lè bá. Ọ̀sẹ̀ ìrántí àwọn ọmọ ogun ni, èyí tí a máa ń ṣe ní ọjọ́ 15 oṣù Kínní, nítorí ọjọ́ náà ni ogun abẹ́lé parí ní ọdún 1970. Mo bẹ ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tí wọ́n ti ṣe sójà rí, pé kí wọ́n wá bá àwọn ọmọ kíláàsì kẹrin sọ̀rọ̀. Wọ́n wà lára àwọn ọmọ ogun ECOMOG tí ó lọ sí Làìbéríà, ẹsẹ̀ òsì wọn kò sì tọ́ mọ́ láti ìgbà náà.

Wọ́n sọ̀rọ̀ dáradára. Nígbà tí wọ́n parí, ọmọbìnrin kan na ọwọ́ sókè, ó ní, "Bàbá, ṣé ìbọn ni ó bà yín ní ẹsẹ̀?" Ẹ̀gbọ́n bàbá mi kọ́kọ́ wo ojú mi, nítorí wọ́n mọ̀ pé mo mọ òtítọ́ ọ̀ràn náà. Ọkọ̀ akẹ́rù ni ó yí padà sẹ́yìn tí ó sì tẹ̀ wọ́n ní ẹsẹ̀, nígbà tí wọ́n ń já àpò ìrẹsì sílẹ̀ ní Monrovia. Wọ́n dáhùn pé, "Ìbọn ni, ọmọ mi." Àwọn ọmọ pàtẹ́wọ́, èmi náà pàtẹ́wọ́. Nígbà náà ni ọmọkùnrin kan tí ó jókòó lẹ́yìn sọ fún ẹnì kejì rẹ̀ pé, "Ti bàbá tèmi kì í ṣe ìbọn. Ọkọ̀ ni ó dojú dé pẹ̀lú wọn ní ọ̀nà Màídúgùrì." Ó sọ ọ́ tán, ó sì tẹ orí ba bí ẹni tí a ká olè mọ́ lọ́wọ́.

Ǹjẹ́ ó yẹ kí ajagunfẹ̀yìntì sọ bí ó ti ṣe fara pa gan-an? Mo gbé ìbéèrè yìí ka iwájú àwọn ẹlẹgbẹ́ mi nínú yàrá wa. Ẹnì kan ní ẹsẹ̀ bàbá ni, ìtàn bàbá sì ni. Kí ni ó kàn wá? Ẹlòmíràn pa á lówe pé bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. N kò gbà pé òwe náà tó ọ̀ràn yìí. Ohun tí ó fi ń dẹ́rù ba òpùrọ́ ni pé a óò mú un. Irọ́ ẹ̀gbọ́n bàbá mi ti ju ogún ọdún lọ, kò sì sí ẹni tí ó bá a. Ẹni tí ó bá ni ọmọ tí ó jókòó lẹ́yìn.

Ẹ wò ó bí irọ́ náà ti ń ṣiṣẹ́. Kò lè dùn létí bí kò ṣe pé olùgbọ́ ti gbà tẹ́lẹ̀ pé ọgbẹ́ ìbọn nìkan ni ọgbẹ́ ogun. Ogun kò sì rí bẹ́ẹ̀ rí. Nígbà tí àwọn ọmọ ilẹ̀ wa lọ jà ní Bọ́mà, Ọ̀gágun William Slim ni ó jẹ́ olórí ẹgbẹ́ ọmọ ogun kẹrìnlá ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Ó kọ ọ́ sínú ìwé ìrántí rẹ̀ pé ní ọdún 1943, bí a bá gbé ẹnì kan kúrò lójú ìjà nítorí ọgbẹ́, ènìyàn 120 ni a ń gbé kúrò nítorí àìsàn. Ibà àti ìgbẹ́ ọ̀rìn ni ó dá wọn dùbúlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn kan wà nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí iṣẹ́ wọn jẹ́ fífi orí ru oúnjẹ àti ọta ìbọn la òkè àti igbó kọjá ní àfonífojì Kaladan. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá ṣubú tí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣẹ́, ta ni yóò sọ fún un pé kì í ṣe ogun ni ó sọ ọ́ di arọ?

Àpẹẹrẹ kan wà tí mo fẹ́ràn púpọ̀. Isaac Fadoyebo, ọmọ Emùré-Ilé nítòsí Ọ̀wọ̀, kò tí ì pé ọmọ ogún ọdún nígbà tí ó dé Bọ́mà. Ọ̀dọ̀ àwọn olùtọ́jú aláìsàn ni ó ti ń ṣiṣẹ́. Ní oṣù Kẹta ọdún 1944, àwọn ará Jàpáàn bá wọn lójijì ní etí odò Kaladan, ìbọn sì fọ́ egungun ẹsẹ̀ rẹ̀. Òun àti David Kargbo, ọmọ Sàró, ni a fi sílẹ̀ nínú igbó. Àwọn ará abúlé ni ó ń bọ́ wọn, títí kan ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Shuyiman, tí ó gbà wọ́n sínú ilé rẹ̀, títí a fi rí wọn gbà padà ní oṣù Kejìlá. Ọkùnrin yìí ní ọgbẹ́ ìbọn tòótọ́ lára, ó sì lè fi kọ́ ìtàn akọni tí ó bá wù ú. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìwé rẹ̀ jáde ní ọdún 1999, ohun tí ó sọ ni pé a bá wọn láìròtẹ́lẹ̀, pé ẹ̀rù bà á, àti pé àánú àwọn tí kò mọ̀ ọ́n rí ni ó jẹ́ kí ó yè. Nítorí bẹ́ẹ̀ ni a ṣe mọ orúkọ Shuyiman lónìí. Ìtàn akọni kì bá tí ní àyè fún un.

Ẹnì kan lè bi mí pé, ṣé Fadoyebo náà kò purọ́ ni? Òtítọ́ ni pé ó pe ara rẹ̀ ní Mùsùlùmí láàrin àwọn ará abúlé náà, ó tilẹ̀ yí orúkọ padà. Ó fi èyí gba ẹ̀mí ara rẹ̀ là ni, nígbà tí ó sì bọ́ nínú ewu, òun tìkára rẹ̀ ni ó sọ ọ́. N kò sì sọ pé kí ajagunfẹ̀yìntì máa tú àṣírí ara rẹ̀ fún gbogbo ẹni tí ó bá bi í ní ìdíkọ̀. Ó lè ní, "N kò fẹ́ sọ ọ́," ọ̀rọ̀ sì parí. Ṣùgbọ́n níwájú àwọn ọmọ tí ń kọ ohun tí ó sọ sínú ìwé wọn, bí ó bá ti la ẹnu rẹ̀, òtítọ́ ni kí ó sọ.

Nínú ọ̀ràn tèmi, ẹ̀bi púpọ̀ wà lọ́rùn mi. Ó yẹ kí n ti bi wọ́n ní ìkọ̀kọ̀ bí wọn yóò ti fẹ́ dáhùn, kí n tó mú wọn wá síwájú ogójì ọmọ tí ojú wọn ń wá ìbọn. Ní alẹ́ ọjọ́ náà mo lọ sí ilé wọn, mo dọ̀bálẹ̀, mo sì sọ ohun tí ọmọkùnrin náà sọ. Wọ́n dákẹ́ pẹ́. Wọ́n ní nígbà tí àwọn sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ láti Làìbéríà, ẹni tí ó kọ́kọ́ rí àwọn béèrè bóyá ìbọn ni. Ó ti rẹ àwọn, àwọn sì ní bẹ́ẹ̀ ni. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ìyá wọn ti sọ ọ́ fún gbogbo àdúgbò. Ní ọjọ́ Ìsinmi ó dìde nínú ìjọ, ó fi dúpẹ́. Ìyá náà ti kú. "Bí mo bá sọ òmíràn nísinsìnyí," ni wọ́n wí, "òun ni yóò dà bí òpùrọ́ nínú sàréè."

N kò rí èsì fọ̀ sí i, n kò sì tí ì rí i títí di òní. Wọ́n bi mí ní orúkọ ọmọ náà àti ilé bàbá rẹ̀, mo sì sọ fún wọn. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, kí n tó jáde lọ sí ilé-ìwé, mo rí wọn pẹ̀lú ọ̀pá wọn, wọ́n ń tiro lọ ní apá ọ̀nà ilé náà. Ohun tí àwọn sójà méjèèjì bá ara wọn sọ, n kò bi wọ́n.